Àgò Tí A Ké ní Padova

Òórùn ọ̀dà tuntun kì í jẹ́ kí ara mi balẹ̀. Bí mo bá ń kọjá lẹ́bàá ilé tí wọ́n ń kùn ní Torino, níbi tí mo ń gbé báyìí, ńṣe ni mo máa ń yára ẹsẹ̀ bí ẹni tí ajá ń lé. Òórùn yẹn ló gba imú wa lọ́jọ́ tí àwa tí a jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nígbà kan rí, tí a ti gboyè tí a sì ti di ẹni tí wọ́n ń pè ní ọ̀gá, dúró níwájú ilé ẹgbẹ́ wa ní Padova nínú kóòtù àti bàtà dídán, tí a ń retí ohùn kan láti inú ilé, tí ohùn náà kò sì wá. Mo ti sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà ní ìpàdé. Mo ti sọ ọ́ lórí fóònù títí etí fi gbóná. Wọ́n ní kí n gbé e mì, pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Mo gbà. Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ń júwe rẹ̀ yìí, mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá lójú wo ibi tí ọwọ́ mi nà sí.

Kùrukùru ni mo bá ní ìlú náà nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, irú kùrukùru tó nípọn débi pé ẹni tó ń bọ̀ níwájú rẹ, ìró bàtà rẹ̀ ni o máa kọ́kọ́ gbọ́. Ìwé ni mo wá kà. Mo de táì mọ́rùn, mo wọ ẹ̀wù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí mo rò pé ó tó fún òtútù òyìnbó, mo sì há àdírẹ́sì tí olùkọ́ mi kan ní Ìbàdàn fún mi sórí bí ẹni há ẹsẹ Bíbélì. Láti ibùdókọ̀ ojú irin, mo wọ́ àpótí mi lọ sí àdúgbò Arcella, títí mo fi dé iwájú ilé alájà kan tí ọ̀dà ara rẹ̀ ń ṣí bí èèpo iṣu. Mo tẹ agogo ẹnu ọ̀nà. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka èdè Italy tí mo ti kọ́ sórí nínú ọkọ̀ òfurufú, láti orí ìkíni "egregio signore" títí dé ibi tí mo ti ka gbogbo ìwé ẹ̀rí mi lẹ́sẹẹsẹ. Inú ilé dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni ohùn ọkùnrin kan dáhùn ní Yorùbá.

"Ta ló ń wàásù níta yẹn?"

"Ẹ jọ̀wọ́ sà, akẹ́kọ̀ọ́ ni mí. Láti Ìbàdàn ni wọ́n ti ní kí n máa bọ̀ níbí."

"Ṣé báyìí ni wọ́n ṣe ń wọlé onílé ní Ìbàdàn? Padà sí ẹnu géètì, kí o ṣe é bí ọmọ tí wọ́n bí, tí wọ́n sì kọ́."

Èmi tí gbogbo ìjọ gbàdúrà lé lórí kí n tó kúrò nílé, èmi tí mo ti ń fọkàn ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n, mo wọ́ àpótí mi padà sí ẹnu géètì, mo dúró nínú kùrukùru bí ewúrẹ́ tó jẹ iṣu oníṣu, mo sì ké e: "Àgò o!"

"Àgò yà o!" Ohùn náà ti yí padà, ó ti di ohùn baba. "Máa wọlé, ọmọ mi. Ilé kò ṣófo."

Ọkùnrin tó ni ohùn yẹn ni gbogbo wa ń pè ní Bàbá Àgò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò tíì darúgbó rárá nígbà náà. Àwọn ni ẹni àkọ́kọ́ tó sùn nínú ilé náà. Ẹ̀kọ́ nípa iṣẹ́ àgbẹ̀ ni wọ́n wá kọ́ ní yunifásítì, ṣùgbọ́n baba wọn kú nílé kí wọ́n tó dé àárín rẹ̀, ìrànlọ́wọ́ gé, wọ́n sì gba iṣẹ́ lọ sí magazzino kan lẹ́bàá òpópónà ńlá, níbi tí wọ́n ti ń di ẹrù sínú ọkọ̀ àjàgbé. Wọn kò padà sí kíláàsì mọ́. Wọn kò sì kúrò nínú ilé náà. Opó ará Padova kan ló ni ilé ọ̀hún nígbà yẹn, ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ló sì ń gbé. Nígbà tí opó náà rí i pé òun kò ní pẹ́ láyé mọ́, ó fi ilé sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ wa, ó ní ní gbogbo àdúgbò náà, ilé yẹn nìkan ṣoṣo ni òun máa ń pè láti ojú fèrèsé tí ẹnì kan á sì dáhùn.

Ìpè àti ìdáhùn yẹn kúkú ni òfin ilé wa. Ẹni tó bá ń wọlé gbọ́dọ̀ kágò, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ wà nínú ilé tí yóò dá a lóhùn. Kọ́kọ́rọ́ wà lápò oníkálukú, síbẹ̀ a kì í ṣílẹ̀kùn wọ ilé òfìfo. Bàbá ló dá a sílẹ̀. Wọ́n ní àwọn mọ ohun tó ń ṣe ọmọ ènìyàn bó bá ti ibi iṣẹ́ tàbí ìdánwò dé, tó ti kọ́kọ́rọ́ bọ ihò, tí kò sì gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní ibẹ̀ ni wèrè ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe máa ń tọrọ turno, àkókò iṣẹ́, tí yóò jẹ́ kí wọ́n wà nílé lójúmọmọ, nígbà tí àwọn ẹni tuntun máa ń dé. Bí turno bá sì gbé wọn lọ, ẹnì kan nínú wa á jókòó nílé. Mo ti pa kíláàsì jẹ rí nítorí pé ó kàn mí. Nígbà tí ọ̀jọ̀gbọ́n béèrè ìdí, mo fi Italian ńláńlá ṣàlàyé fún un pé ìlànà ìwà ọmọlúàbí nípa ìpè àti ìdáhùn ló dá mi dúró. Ó mi orí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo gbà nígbà náà pé ọgbọ́n mi ló wú u lórí. Mo ti wá ń rò ó báyìí pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kò gbọ́ nǹkan kan nínú gbogbo ohun tí mo ń sọ.

Lẹ́yìn ilẹ̀kùn ni sálúbàtà Bàbá máa ń wà, aláwọ̀ búlúù, tí ìtẹ̀lẹ̀ rẹ̀ ti jẹ dé gìgísẹ̀. Bí o bá rí i níbẹ̀, Bàbá wà níbi iṣẹ́. Bí o kò bá rí i, Bàbá wà ní kíṣìnnì, wọ́n á sì ti gbọ́ ẹ kí o tó rí wọn.

A gboyè, a sì tú ká bí ẹyẹ. Àwọn kan lọ sí Verona, àwọn kan lọ sí Treviso níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké ti ń wá ẹni tó mọ ẹ̀rọ. Obìnrin kan tí èmi àti òun jọ dé lọ́dún kan náà ṣí ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ilé sí Modena. Bí ó ti ń ta gàrí ló ń fi owó ránṣẹ́ fún àwọn ènìyàn, tí ó sì ń làjà láàárín tọkọtaya. Èmi bá iṣẹ́ olùkọ́ lọ sí Torino. Oníkálukú wa kó residenza rẹ̀ kúrò ní Padova lọ síbi tó ń lọ. Ẹni tí kò bá gbé orílẹ̀-èdè yìí lè má mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn wúwo tó. Níbí, o kò sí níbi tí o wà, àfi bí comune, ọ́fíìsì ìjọba ìlú, bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ibẹ̀ ni o ń gbé. Òun ni dókítà máa béèrè. Òun ni wọ́n máa béèrè ní questura, ọ́fíìsì ọlọ́pàá, kí wọ́n tó tún permesso rẹ, ìwé ìgbélùú, ṣe, kí wọ́n tó gbà pé o lẹ́tọ̀ọ́ láti dúró sórí ilẹ̀ wọn. Ti Bàbá Àgò nìkan ni kò kúrò nínú ilé yẹn láti ọjọ́ pípẹ́.

Òrùlé ilé bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Àwòrán àjà tó ti dúdú ni Bàbá kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí wa lórí fóònù, ìtìjú sì mú gbogbo wa. Kí n má purọ́, ìpàdé àkọ́kọ́ dùn. Verona la ti ṣe é, ní gbọ̀ngàn ìjọ tí ọ̀kan nínú wa ń ṣe pásítọ̀ rẹ̀, nítorí pé ọkọ̀ ojú irin gbogbo wa pàdé níbẹ̀. Àwọn ènìyàn ń sunkún ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń rántí ẹni tó jó ìkòkò àti ẹni tó sùn sí ilé ìwẹ̀ lọ́jọ́ ìdánwò. A ní a ó tún ilé wa ṣe. A yan ọ̀kan tí ó jẹ́ ẹnjiníà ní Treviso ní alága. Àbúrò mi nínú ilé ni. Èmi gan-an ni mo wà nílé lọ́jọ́ tó dé, èmi ni mo dá àgò rẹ̀ lóhùn. Bàbá kò lè jókòó fún ìdùnnú. Alága ní kí Bàbá kó jáde fún ìgbà díẹ̀ kí àwọn òṣìṣẹ́ lè ráyè, ó ní bí iṣẹ́ bá parí, yàrá wọn ní ìsàlẹ̀ ni wọ́n á tún padà sí. Bàbá kó lọ sí Modena, sínú yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù obìnrin yẹn, wọ́n sì ń ti ibẹ̀ wọ ọkọ̀ lọ sí ibi iṣẹ́. Wọn kò béèrè pé kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ sí ìwé kankan. Ta ni yóò béèrè ìwé lọ́wọ́ ọmọ tí òun fi oúnjẹ bọ́? Sálúbàtà wọn nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ìgbà òtútù lọ, òmíràn dé. Mo gba Padova kọjá lọ́jọ́ kan, mo sì yà síbẹ̀. Geometra tó ń bójú tó iṣẹ́ náà, ọkùnrin Italian kan tó lọ́yàyà, tẹ́ àwòrán ilé sílẹ̀ fún mi lórí àpótí bíríkì. Mo wá yàrá ìsàlẹ̀ títí. Kò sí níbẹ̀ mọ́. Wọ́n ti wó ògiri rẹ̀ pọ̀ mọ́ kíṣìnnì, wọ́n sọ ọ́ di gbọ̀ngàn tí a ó máa gbé àwòrán àwọn tó gboyè kọ́. "Bellissimo, no?" ni geometra bi mí. Mo wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀ kò sí.

Mo pe ìpàdé. Verona náà ni. Mo béèrè níbi tí Bàbá yóò máa sùn.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Alága wí, ó rọra ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń tu ọmọ nínú, "gbogbo wa la fẹ́ràn Bàbá. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ àwọn tó gboyè ni wá. Bàbá ò gboyè. Ilé tí àwọn ènìyàn pàtàkì á máa wá wò, a ò lè máa sá ṣòkòtò sí ojú fèrèsé rẹ̀."

Obìnrin ará Modena ò tilẹ̀ dìde. "Alága, ìgbà tí o ń gbọ̀n bí adìyẹ tí òjò pa, kóòtù ta ni wọ́n gbé wọ̀ ọ́? Kóòtù tó ń wọ́ ọ nílẹ̀ bí ẹ̀wù wòlíì! Ṣé o bi Bàbá nígbà yẹn bóyá wọ́n gboyè?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Alága náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ pọ́n. "Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ bí ọ̀làjú."

"Ọ̀làjú wo? Èyí tó ń lé baba síta?"

Ká ní mo jókòó jẹ́ẹ́ níbi tí ọ̀rọ̀ dé yẹn, bóyá à bá rí ojútùú. Ṣùgbọ́n mo dìde. Mo ti múra ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láti Torino. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí àwọn ará Gíríìkì àtijọ́ ń pè ní ilé, mo gba orí ohun tí àwọn baba wa ń pè ní agbo ilé, mo sì ń rìn bọ̀ díẹ̀díẹ̀ sí Arcella. Kí n tó dé ibẹ̀, àwọn tó ń lọ sí Treviso ti ń wo aago, àwọn tó ń lọ sí Modena ti ń wá fìlà. Ọ̀rọ̀ mi dára púpọ̀. Pásítọ̀ nìkan ló gbọ́ òpin rẹ̀, nítorí pé òun ló máa ti ilẹ̀kùn.

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni Bàbá lọ gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, tí ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà sì ní orúkọ wọn ò sí mọ́. Wọ́n fi wọ́n ránṣẹ́ sí comune. Obìnrin kan níbẹ̀ ṣàlàyé fún wọn láìkanra pé vigile, ẹ̀ṣọ́ ìlú tó máa ń yẹ ilé wò, ti lọ sí ilé yẹn lọ́pọ̀ ìgbà, àti pé ẹni tó ń ṣe àkóso ilé ló sọ fún un pé kò sí ẹni tó ń gbé ibẹ̀, pé ọkùnrin tí ó ń béèrè ti lọ, òun ò mọ ibi tó lọ. Wọ́n ti yọ orúkọ wọn kúrò. Oṣù tí permesso wọn máa parí sì ti wọlé dé.

Bàbá kò pariwo. Wọ́n pè mí lórí fóònù, wọ́n ní, "Ọmọ mi, wọ́n ní mi ò sí." Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Mo pe Alága. N kò kí i.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé irọ́ ni mo wá pa? Ilé ṣófo lọ́jọ́ tó dé. Ilẹ̀kùn gan-an ò sí níbẹ̀."

"Ṣé o ò mọ ibi tí Bàbá wà ni?"

 Ó wá là á yé mi, bí ẹni tó gbà pé ọlọ́gbọ́n á gbọ́ ọ: geometra ló sọ fún un pé ìwé àṣẹ gbọ̀ngàn náà á tètè jáde bí kò bá sí orúkọ ẹnikẹ́ni nínú ilé. Ó ní gbogbo wa ló ṣe é fún. Ó ní a óò wá nǹkan ṣe sí ti Bàbá nígbà tó bá yá. Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ mi ohun tí mo pè ní ẹ̀ṣẹ̀, ẹ má lọ jìnnà: ẹnì kan dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé tí wọ́n ti dá a lóhùn nígbà tí kò ní ẹnìkan, àlejò sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, ṣé ẹni yẹn wà? Ó ní kò sí.

Láti ìgbà náà ni n kò ti mọ ìjókòó. Torino sí Modena, Modena sí Padova, mo di èrò inú ọkọ̀ ojú irin, mo mọ ibi tí fèrèsé ti dọ̀tí nínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ní ibi iṣẹ́ ìjọba kan, wọ́n ní kí a lọ mú ẹ̀rí wá láti òmíràn. Ní òmíràn, wọ́n ní ẹ̀rí tó dára jù ni kí ẹni tó sọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ wá sọ pé òun ṣì í sọ. Mo bẹ Alága. Mo rán àgbà sí i. Ó ní bí òun bá lọ sọ bẹ́ẹ̀, ẹgbẹ́ ni yóò tẹ́, ìwé àṣẹ ilé á sì dàrú. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà; àwọn tí mo gbà pé wọ́n á bá mi gbé e, ọ̀kan ní òun ń kọ́lé lọ́wọ́, òmíràn ní òun ò fẹ́ ìjà láàárín àwọn ará.

Ọjọ́ ìṣílé dé. Èmi náà lọ. Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí i. Bàbá ní àwọn kò ní lọ. "Èmi kì í ṣe àlejò nílé mi," ni wọ́n wí, wọ́n sì ń bó ẹ̀wà nìṣó lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ní Modena.

Oòrùn mú dáadáa. Ilé náà ń dán bí eyín ọmọdé. Àwọn ọmọ wa ń sáré kiri, wọ́n ń fi Italian bá ara wọn jà, ìyá wọn ń fi Yorùbá bá wọn wí. Wọ́n ti ta ọ̀já pupa sí ẹnu ọ̀nà. Pásítọ̀ gbàdúrà. Alága sọ̀rọ̀ nípa àwọn tí ó ṣe ìtìlẹ́yìn, ó gé ọ̀já, a pàtẹ́wọ́. Ó gbé ẹsẹ̀ sókè láti wọlé. Ibẹ̀ ni ara rẹ̀ ti tú àṣírí rẹ̀. Mo rí i. N kò rò pé ó mọ̀ọ́mọ̀; ara ló rántí ohun tí ọkàn ti gbàgbé. Ó dúró, ó gbọ́rùn sókè, ó ké: "Àgò o!"

Kò sí ìdáhùn. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín kúkúrú lẹ́yìn. Alága tún un ké, àwọn mìíràn sì bá a gbè é, bí a ti máa ń ṣe bí a bá pọ̀ dé láti ibi ìdánwò, ohùn ọkùnrin àti obìnrin tó ti ń hewú: "Àgò o! Àgò onílé o!" Òórùn ọ̀dà ń jáde bọ̀ wá bá wa. Ojú mi ti lọ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn tuntun náà, sí ilẹ̀ tútù tó ń dán níbi tí sálúbàtà máa ń wà. A dúró. A dúró títí àwọn ọmọdé fi dákẹ́, tí ọ̀kan nínú wọn bi ìyá rẹ̀ pé, "Mamma, chi aspettiamo?" Ta là ń retí?

Nígbà náà ni ohùn kan ké láti inú gbọ̀ngàn: "Avanti, avanti! È aperto!"

Geometra ni. Ó wà lórí àkàsọ̀, ó ń so gílóòbù tó kù. Ó yọjú, ó rí wa, ó rẹ́rìn-ín sí wa tayọ̀tayọ̀, ó tún ju ọwọ́ sí wa pé kí a máa wọlé.

"Ẹ gbọ́!" ni obìnrin ará Modena wí. "Onílé ti dáhùn. Ẹ wọlé, kí ló dé?"

 Ó yí padà, ó lọ síbi tábìlì, ó gbé kúlà ìrẹsì tó ti gbé láti Modena, ó gbé e padà sínú bọ́ọ̀tù ọkọ̀ rẹ̀. Ó padà wá gbé ti ẹran. Pásítọ̀ ní, "Ah, ah, màmá, ẹ ṣe sùúrù." Ó ní, "Sùúrù mi wà ní Modena, ó ń bó ẹ̀wà. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ń gbé e lọ." Bí ọkọ̀ rẹ̀ ti yí, àwọn tó ju ìdajì wa lọ ló tẹ̀ lé e. Àwọn kan tẹ̀ lé òtítọ́, àwọn kan tẹ̀ lé ìrẹsì. N kò yẹ ọkàn ẹnikẹ́ni wò. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, Alága ti wọlé. Òun àti àwọn díẹ̀ ń ya àwòrán lábẹ́ àwòrán ara wọn.

Àwọn àgbà ní bí ènìyàn bá ta ará ilé rẹ̀ lọ́pọ̀, kò ní rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́. Mo ti rí i báyìí bí ọjà yẹn ti ń rí. Mo mú Bàbá wá sí Torino, mo sì lọ sọ fún comune ibẹ̀ pé ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé. Kò pẹ́ tí wọ́n dé ni Pásítọ̀ àti ẹnì kejì wá sí ilé mi ní orúkọ ẹgbẹ́. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá lórí kápẹ́ẹ̀tì tí kò gbà wọ́n. Wọ́n ní ìpàdé ọdọọdún ń bọ̀, pé ara àwọn ènìyàn ò balẹ̀ láti ọjọ́ yẹn, pé àwọn bẹ Bàbá kí wọ́n wá jókòó nínú ilé lọ́jọ́ náà, kí wọ́n kàn dá àgò lóhùn.

Bàbá bu omi fún wọn. "Ọjọ́ kejì ńkọ́?"

"Ẹ ó padà sí Torino, Bàbá. Ọkọ̀ á gbé yín dé ẹnu ọ̀nà."

"Ẹni tó bá wá dé lọ́jọ́ kẹta, tó wá kágò ńkọ́?"

Pásítọ̀ gbé omi mu.

"Agogo lẹ ń wá," ni Bàbá wí, láìbínú. "Kì í ṣe ènìyàn lẹ ń wá. Ẹ lọ ra agogo."

Èmi bi wọ́n léèrè ohun kan ṣoṣo: ṣé Alága á lọ sí comune ní Padova lọ sọ òdodo? Wọ́n ní kí n jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tutù. Òun ni mo ṣe ń kọ ọ́ ní gbígbóná. Ilé tó rẹwà jù ní òpópónà yẹn, títì ló wà láti ìpàdé kan dé òmíràn. Gbogbo ìgbà tí iṣẹ́ bá gbé mi dé Padova ni mo máa ń gba ibẹ̀. Mo máa ń dúró lẹ́nu géètì. N kì í kágò. Ojú ń tì mí láti ṣe bẹ́ẹ̀ fún ògiri.

Vigile ti Torino wá lówùúrọ̀ ọjọ́ kan tí n kò sí nílé. Ọmọbìnrin mi ló sọ fún mi. Ó ní agogo dún, òun pariwo pe Bàbá pé, "Nonno, hanno suonato!" Bàbá sì dáhùn láti kíṣìnnì, "Àgò yà o! Máa wọlé, ilé kò ṣófo." Ọkùnrin náà kò gbọ́ èdè náà, ó ní, "Come?" Ọmọ mi ní kó máa bọ̀, ó ní, "Ha detto avanti." Ó wọlé, ó wo Bàbá, ó kọ ohun tó rí. Wọ́n wà.

Ti questura ni kò tíì yanjú. Wọ́n ní ọdún tí orúkọ wọn kò fi sí níbì kankan gbọ́dọ̀ ní àlàyé, àlàyé náà sì wà lẹ́nu ẹnì kan ní Treviso. Wọ́n ní kí a máa retí. Bàbá ń retí. Wọ́n ń bó ẹ̀wà, wọ́n ń kọ́ ọmọ mi ní oríkì tí òun náà ń fi ohùn Italian kà. Ẹsẹ̀ wọn ti ń wúwo. Nígbà tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, tí mo gun àtẹ̀gùn dé òkè, mo máa ń ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀ láti wo ẹ̀yìn rẹ̀ kí n tó ṣe ohunkóhun. Sálúbàtà tuntun wọn kò sí níbẹ̀, nítorí náà wọ́n wà nílé. Mo ké e: "Àgò o!" Ìgbà mìíràn wà tí ìdáhùn máa ń pẹ́. Ó lè jẹ́ pé omi ń ṣàn ní kíṣìnnì, ó lè jẹ́ pé oorun gbé wọn. Mo ń dúró lórí àtẹ̀gùn, àpò ìwé lọ́wọ́, n kò sì jẹ́ gbé ẹsẹ̀ kan wọlé títí n ó fi gbọ́ ohùn yẹn.